Ta Ló Gbé Ibẹ̀ Rí?

Tírélà ló lé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rírà. Ilé tí a háyà ní Ìlaró sún mọ́ títì jù. Aránṣọ ni mí, ọ̀pá aṣọ ni mo fi ń wọn nǹkan lójú: bí ènìyàn bá tẹ́ aṣọ ọ̀pá mẹ́rin sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa, etí aṣọ náà á kan ọ̀dà. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì bá fun fèrè, màá fi ohun tí mo ń rán sílẹ̀, màá wo ibi tí àwọn ọmọ wà. Mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gbọ́n, wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ kì í yà fún ọmọdé. Àbígbẹ̀yìn mi, obìnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, ni mo ń ṣọ́. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀ ni. Bí o bá pè é, yóò kọ́kọ́ fò kó tó dáhùn.

Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ iná ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú, ló sọ pé ká kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pátápátá, ká wá ilẹ̀ sí abúlé, níbi tó jẹ́ pé ọ̀kadà nìkan ló ń gba ibẹ̀. Ó ní ọmọ á lè sáré títí tó máa fi rẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa ké lé e lórí. Mo gbà, torí pé lọ́kàn mi, ohun tó lè pa ọmọ, ojú títì nìkan ló wà.

Àwọn tó ti ra ilẹ̀ ṣáájú wa ti kìlọ̀ fún wa, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ: ẹ mọ ẹni tó ni ín. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ni ín, yóò tún un rà. Nígbà tí ilẹ̀ kan yọjú ní abúlé kan lẹ́bàá Joga-Orílé, mo fara balẹ̀ tọpinpin rẹ̀. Mo béèrè olórí ẹbí. Mo béèrè iye ẹ̀ka tí ẹbí náà ní, ẹni tó ń ṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àti bóyá gbogbo wọn ló mọ̀ pé wọ́n ń tà á. Mo lọ bá àwọn tó nilẹ̀ apá ọ̀tún àti apá òsì, mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ààlà náà níbi tí pèrègún wà. Awọnlẹ̀ wá wọ̀n ọ́n, ó gbé àbájáde rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní ìjọba kò fọwọ́ lé e. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀, mo lọ dúró síbẹ̀ lábẹ́ agbòjò, mo ń wo ibi tí omi ń gbà. Mo bi àgbẹ̀ tó ń dá oko ẹ̀gẹ́ nítòsí bóyá àwọn darandaran ń da màlúù gba ibẹ̀. Ó ní rárá.

"Màmá wọn," ni ọkọ mi wí bí ọ̀kadà ṣe ń gbé wa bọ̀ lọ́jọ́ náà, "ṣé ilẹ̀ la fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó la fẹ́ fẹ́? Ó kù kí o béèrè bóyá wàrápá wà nídìí ẹbí ilẹ̀ náà."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," mo dá a lóhùn. "Ẹni tí kò wádìí ìyàwó, ó ṣì lè dá a padà fún àwọn òbí ẹ̀. Ta lẹ fẹ́ dá ilé alájà padà fún?"

Ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kadà mì. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó máa wojú ọ̀nà.

Ilẹ̀ náà dára. Ó tẹ́jú, ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ, omi kì í dúró sí i. Erùpẹ̀ rẹ̀ pupa bí osùn. Ìyeyè ńlá kan wà láàárín rẹ̀, igi ọsàn kan tó ti gbó wà ní ìhà kan, ọ̀wọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan sì wà tí ewé rẹ̀ dúdú minimini, tó ń yọ ọmọ káàkiri bí ẹni pé wọ́n ń bomi rin ín látìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró kan gba igun ilẹ̀ náà kọjá. Ibẹ̀ làwọn ọmọ abúlé ń gbà lọ sílé-ìwé. Ọkọ mi fọwọ́ gbá ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó ní, "O rí i, ilẹ̀ ọlọ́ràá." Inú mi dùn. Kò sí èyí nínú wa tó béèrè ohun tí igi ọsàn ń ṣe nínú igbó tí kò sí ilé. Ọsàn kì í ṣàdédé hù lọ́dọ̀ wa. Ènìyàn ló ń gbìn ín, ẹ̀yìnkùlé ló sì ń gbìn ín sí. Mo mọ èyí láti kékeré. N kò kàn ronú kàn án.

Bàbá tó ń ṣojú ẹbí náà jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n kò dàgbà níbẹ̀. Nígbà tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ sí òdìkejì bọ́dà, ní ilẹ̀ Benin. Ibẹ̀ ló ti kàwé, tó ti ṣiṣẹ́, ó sì di arúgbó kó tó padà wá jókòó sí ipò rẹ̀ nínú ẹbí. Bí inú bá bí i, èdè Faransé ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu.

Nígbà tí gbogbo ìwádìí mi parí, Bàbá ní ká kó àwọn ọmọ wá kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà kí ohunkóhun tó bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ á kó ọmọ rẹ̀ wá, àwọn ọmọ á sáré lórí rẹ̀, àgbà ẹbí á wúre. A kó wọn lọ ní ọjọ́ Sátidé. Bàbá ṣí fìlà, ó ń wúre, a ń ṣe àmín, àwọn ọmọ sì tú ká. Mo ń ṣe àmín, ojú mi ń tẹ̀lé èyí àbígbẹ̀yìn. Ó yí ìyeyè po, ó sá dé ìdí ọsàn, ó wá wọ àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. N kò rí i mọ́. Mo ń gbọ́ ọ. Ó ń fò sókè sódò lójú kan náà.

"Mọ́mì, ẹ wá gbọ́. Ilẹ̀ yìí ń dá mi lóhùn."

"Kí ló ń wí fún ẹ?" ni bàbá rẹ̀ béèrè.

Ó tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i láti gbọ́ ọ dáadáa. "Ó ní kí n wọlé."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá ní ìwúre ti gbà, pé ilẹ̀ ti kí onílé káàbọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo wọ àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, mo fà á lọ́wọ́ jáde, mo gbọn ewé gbígbẹ kúrò lórí rẹ̀. Mo bínú díẹ̀ pé ó ba bàtà rẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kọjá, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Gọ́tà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, pákó ni a fi bò ó kí àwọn oníbàárà lè rí ibi tẹ̀ wọlé. Mo wà nídìí ẹ̀rọ, mo ń ṣẹ́ etí yẹ̀rì kan, nígbà tí oníbàárà kan tẹ pákó náà. Ó dún. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Ohùn yẹn gan-an ni mo gbọ́ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọmọ mi ń fò. Obìnrin náà ń kí mi. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó padà síta, kó tún pákó náà tẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù sì bà mí débi pé n kò lè rán nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ tó kún kì í dún. Ohun tó bá dún lábẹ́ ẹsẹ̀, òfìfo ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́. Ó ń bọ́ bàtà.

"Gbòǹgbò ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni," ló wí. "Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń rọ̀."

"Ohun tó bá rọ̀ kì í dún. Ẹ dìde, ẹ fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì wò."

"Màmá wọn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

"Ẹ janlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ wá lọ janlẹ̀ lórí pákó ìta, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi èyí tó jọ."

Kò janlẹ̀ lórí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó yá ọ̀pá irin gbọọrọ kan lọ́wọ́ wẹ́dà, èyí tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó ní ká lọ fi ọkàn mi balẹ̀. Àwa méjì péré la lọ. Ó kọ́kọ́ ki ọ̀pá náà bọlẹ̀ lábẹ́ ìyeyè. Kò wọlé ju orúnkún lọ tí ilẹ̀ líle fi dá a dúró. Ó ki ọ̀pá náà bọ ìdí ọsàn, bákan náà ni. Ó ń wò mí ní ìwò ẹni tó ti ń borí. Lẹ́yìn náà a dé etí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí èmi náà fọwọ́ mú un. A jọ tì í. Ó gba inú erùpẹ̀ kọjá, ó kan ohun kan tó rọ̀ bí iṣu tó ti rà, ó gba inú ìyẹn náà kọjá, lẹ́yìn náà kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Bí kì í bá ṣe pé ọwọ́ mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, ì bá lọ.

Ọkọ mi fa ọ̀pá náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Má dìde dúró. Dùbúlẹ̀. Fi àyà fà padà."

Mo fi àyà fà lórí ilẹ̀ tí ọmọ mi ti ń fò sókè sódò lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú.

A pe Bàbá, òun ló wá agbẹ́kànga kan wá. Ọkùnrin náà fi okùn so ìbàdí rẹ̀ mọ́ ìyeyè kó tó sún mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rárá. Ó fi àdá gé e díẹ̀díẹ̀, ó ń bu erùpẹ̀ sẹ́yìn, títí a fi rí igi ọ̀pẹ tí wọ́n tò jọ láyé ìgbà kan. Ikán ti jẹ ẹ́. Ohun tó kù kò ju èèpo lọ, o lè fi ìka fọ́ ọ. Ó ju òkúta kan sínú ihò tó ṣí sílẹ̀. Gbogbo wa tẹ́tí. N kò fẹ́ sọ bó ṣe pẹ́ tó, torí pé ó lè jẹ́ ẹ̀rù mi ló fà á gùn. Nígbà tó balẹ̀, kò sí omi nínú ohùn rẹ̀.

"Kànga tó gbẹ ni," ni agbẹ́kànga wí. Ó yíjú sí mi. "Wọ́n ní ọmọ yín fò lórí ibí?"

"Ó fò."

"Gbòǹgbò ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló gbé e. Wọ́n ti hun ara wọn bí ẹní. Igi ti lọ tipẹ́." Ó nu ọwọ́. "Ká ní àgbà ló fò, à bá máa sọ nǹkan mìíràn."

Bàbá ń sọ èdè Faransé fún ara rẹ̀. Nígbà tó kọjú sí wa, ó ní, "Mi ò mọ̀. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ rárá." Mo gbà á gbọ́. Ojú rẹ̀ ti dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí láti ojú oorun.

Mo wá bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í látìbẹ̀rẹ̀. "Bàbá, ta ló gbé ibí rí?"

Ó wò mí. "Gbogbo ìbéèrè tó o ti bi mí, ìyàwó wa, ìyẹn ò sí níbẹ̀. Ẹni tó ni ín lò ń béèrè." Ó ronú díẹ̀. "Ìyá-ìyá wa ló gbé ibí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá a gbé, kó tó lọ sílé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà. Ẹ̀yìn Eggua ló wà, lódìkejì."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ, lórí ọ̀kadà méjì. A gba Eggua kọjá, a gba ọ̀nà oko wọ ilẹ̀ Benin. Inú ọgbà kan la ti bá ìyá arúgbó náà, ó jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọmọdé kan kí wa ní "bọ́ńjúù," ìyá náà ní kó kúnlẹ̀ kó kí wa dáadáa, pé a kì í ṣe alámòójútó ilé-ìwé. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó fọwọ́ pa orí àbúrò rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun ni.

"O ti ń pá lórí," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti pá lórí tipẹ́."

"Ṣé ẹ̀ ń jẹun? Kí lẹ wá ṣe?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ ti ilẹ̀, ti ọmọ mi, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn?"

"A rò pé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni, Màmá."

"Ilẹ̀ ọlọ́ràá." Ó tu itọ́ sí ẹ̀gbẹ́. "Ní ilé wa, ẹni tó bá dí kànga, dandan ni kó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e lórí, kí ọmọdé má baà gba ibẹ̀ kọjá. Ta ló máa ń gba àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ejò wà níbẹ̀. Gbogbo ọmọ ilé ló mọ̀ pé ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá wà láìsí balùwẹ̀ nítòsí, kí wọ́n yà kúrò níbẹ̀." Ó nawọ́ sí àbúrò rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó sọ fún ìwọ ni?"

"Ta ló máa sọ fún mi? Ìhín ni mo dàgbà sí."

"Òótọ́ ni," ló wí.

Àmì tí wọ́n fi sílẹ̀ láti lé ọmọdé sá ni èmi pẹ̀lú ọkọ mi dúró síwájú rẹ̀ tí à ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ń gún mi bí mo ṣe jókòó níbẹ̀. Mo bi í bóyá kànga yẹn nìkan ló wà.

"Mẹ́ta ni. Ilé yẹn ò rí omi. Èyí tí ẹ rí yẹn, bàbá àgbà ló gbẹ́ ẹ, ó gbẹ. Ìkejì ló fún wa lómi, ẹ̀gbẹ́ ọsàn ló wà. Èmi ni mo gbin ọsàn yẹn. Nígbà tí ìyẹn náà gbẹ, yangí ni wọ́n kó dí i dé òkè, ẹrù ọkọ̀ kan gbáko. Ìyẹn ò lè ṣe yín ní nǹkan kan."

"Ìkẹta ńkọ́?"

"Ọdún tí mo lọ sílé ọkọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Mo wá kí ìyá àgbà, mo rí òkìtì amọ̀ funfun. Ìyá àgbà ní wọ́n ti jìn lọ, wọn ò kan omi."

"Apá ibo, Màmá?"

Ó di ojú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń tọ́ka inú afẹ́fẹ́, ó ń wá ìloro ilé tó ti wó, ó ń wá ilé ìdáná. Ọwọ́ rẹ̀ rìn díẹ̀, ó dúró, ó tún padà. "Mi ò wò ó. Ìyàwó tuntun ni mí, ọkọ mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni mò ń wò."

"Ṣé wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i?"

"Ta ló máa gbìn ín? Wọ́n ti ń kó lọ sẹ́bàá títì nígbà yẹn."

Ká tó kúrò níbẹ̀, ó di ẹ̀gúsí díẹ̀ fún mi, ó ní kí n fi se ọbẹ̀ fún ọmọ tó fò. N kò mọ bí mo ṣe dúpẹ́.

Nígbà tí a padà, a rí kànga ẹ̀gbẹ́ ọsàn. Ọ̀pá irin kan yangí, kò sì wọlé. Agbẹ́kànga náà da òkúta àti erùpẹ̀ sínú ti àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìkẹta, a kò rí i. Ọkọ mi àti ọkùnrin náà kiri títí, wọ́n ki ọ̀pá bọ ibi tó wù wọ́n, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó ti dí fúnra rẹ̀.

Ọkọ mi ṣì fẹ́ ilẹ̀ náà. Ó ní a ti mọ àṣìṣe rẹ̀ báyìí, pé ilẹ̀ mìíràn tí a kò mọ àṣìṣe tirẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù. Ó ní a lè ṣe ọgbà yí ibi tí a ó kọ́lé sí ká.

"Ọgbà yẹn ńkọ́ bó bá jẹ́ inú ẹ̀ ni kànga wà?"

"Kànga kan ṣoṣo tí a ò rí, kò lè burú tó tírélà tí à ń rí lójoojúmọ́."

"Tírélà ń fun fèrè," mo ní.

A kò ra ilẹ̀ náà. A ṣì wà nílé tí a háyà di òní. Ilẹ̀ mìíràn là ń wò báyìí ní apá Ayétòrò, oko ẹ̀gẹ́ tí kò sí igi ìbòòji kankan lórí rẹ̀. Àwọn tó ni ín ń ṣe kàyéfì pé n kò tíì béèrè olórí ẹbí. Èmi ń wá arúgbó tó lè sọ fún mi bóyá ẹnikẹ́ni ti dáná níbẹ̀ rí, bóyá wọ́n gbẹ́ ṣalángá, bóyá wọ́n wa amọ̀ ilé níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi dí kòtò náà.

Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ kò tíì tán. Lẹ́yìn tí a ti sọ fún Bàbá pé a kò rà á mọ́, n kò retí láti rí i. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìlaró, òun nìkan. Ó tẹ pákó gọ́tà, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó sì yára sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Mo fún un ní àga. Mo rò pé ó wá bẹ̀ mí kí n tún ọ̀rọ̀ náà rò.

"Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń gba ọ̀nà yẹn lọ sílé-ìwé," ló wí. "Mo ní kí wọ́n gba ẹ̀yìn abúlé. Wọ́n ní ó jìn. Bí mo bá yíjú, wọ́n á gba ibẹ̀. Ìwọ ńkọ́, ṣé ò ń rí oorun sùn?"

"Mi ò sùn dáadáa, Bàbá."

"Èmi náà. Ilẹ̀ yẹn ló ń dún létí mi." Ó fi ọwọ́ gbá etí rẹ̀ bí ẹni tó ń lé ẹ̀fọn. "O kò rà á, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o ti wo ilẹ̀ yẹn ju èmi tí mo ni ín lọ. Wá bá mi wá kànga yẹn."

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní, "Ilẹ̀ tí a ò rà?"

"Ilẹ̀ tí a ò rà."

Ó lọ tún ọ̀pá irin yá lọ́wọ́ wẹ́dà.

Lọ́tẹ̀ yìí a kò ki ọ̀pá bọ ibi tó wù wá. Olúkúlùkù wa fi okùn so ìbàdí mọ́ ara igi. Mo mú ìdì òwú kan wá láti ṣọ́ọ̀bù, mo nà án láti ìyeyè dé ààlà, bí mo ṣe máa ń fa ìlà sára aṣọ, a sì ń tẹ̀ lé ìlà náà. Bàbá ń wo apá òsì, ọkọ mi ń ki ọ̀pá, èmi ń wo erùpẹ̀. Amọ̀ funfun ni mò ń wá. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga jìn dé ibi amọ̀ funfun, yóò dà á sí ẹnu rẹ̀. Òjò lè fọ òkìtì lọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ funfun di pupa.

A wá títí oòrùn fi kúrò lórí wa, a kò rí nǹkan kan láàárín ilẹ̀ náà. Nígbà tí a dé igun, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ gbà, mo rí i. Ègé kéékèèké ni, bí ẹfun, nínú erùpẹ̀ pupa. Ó pọ̀ díẹ̀ sí i bí mo ṣe ń sún mọ́ ọ̀nà náà. Mo wá rí ohun kejì, tí mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀nà náà ṣẹ́ kọ́rọ́ níbẹ̀. Kò sí igi tó ń yà fún, kò sí òkúta. Ó kàn yà, ó tún padà sójú ọ̀nà. Àwọn àgbà tó la ọ̀nà náà nígbà kan ti yà fún nǹkan kan, nǹkan náà kò sí lókè ilẹ̀ mọ́, ọ̀nà náà sì ń bá a lọ láti máa yà. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í yà fún ohun tí kò rí. Wọ́n ti la àbùjá kan gba àárín kọ́rọ́ náà tààrà. Ó ń dán, ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ títí koríko kò fi hù níbẹ̀ mọ́.

Mo nawọ́ sí i fún ọkọ mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó na ọ̀pá síwájú, ó ki irin náà bọ àárín àbùjá náà. Ó le. Ó gbé e sókè, ó tún un kì lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ̀n ọwọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́. Ó le. Ìkẹta, ọ̀pá náà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lódindi. Ó ga ju òun lọ, a kò sì rí orí rẹ̀ mọ́. A gbọ́ ọ tó ń kan ẹ̀gbẹ́ kànga, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ ọ mọ́.

Bàbá ti jókòó sílẹ̀. Kò ronú pé ó yẹ kóun sún sẹ́yìn. Ọkọ mi ló fi okùn fà á. "Láàárọ̀ yìí," ló ń sọ, "láàárọ̀ yìí gan-an, mo rí wọn tí wọ́n gba ibí."

Ìgbà yẹn la gbọ́ ohùn wọn. Ilé-ìwé ti jáde. Ohùn náà ń ti ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́ bọ̀, ẹ̀rín ni àti àríyànjiyàn, wọ́n sì ń sáré. Kò sí ohun tí a lè fi dí ọ̀nà náà. A dìde, a sáré gba ojú ọ̀nà tó yà náà kọjá bí okùn wa ṣe gùn tó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò gba ojú ọ̀nà pẹ̀lú okùn ní ìbàdí, a na apá.

Wọ́n yọ. Nígbà tí wọ́n rí wa, wọ́n kọ́kọ́ dúró, wọ́n ń wo okùn, wọ́n ń wo Bàbá tí erùpẹ̀ bò láti òkè délẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré ni. Ọmọbìnrin tó wà níwájú, tó ga díẹ̀ ju tèmi lọ, so àpò ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó tẹ orí ba, ó sáré wá láti gba abẹ́ apá mi kọjá.

Mo dì í mú. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jà láti bọ́. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, mo ti yege." Nígbà tó rí ojú mi, ẹ̀rín rẹ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń pe ìyá rẹ̀. N kò mọ orúkọ ọmọ náà, n kò mọ ìyá tó ń pè. N kò tú u sílẹ̀.